Ẹ̀rọ orin tó dùn lánàá, tó ń gún etí lónìí

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ní anpilifáyà kan, sípíkà olóòró méjì àti ẹ̀rọ tó ń lu sídì. Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, tí mo bá tan án, orí mi á wú, n ò ní fẹ́ dìde mọ́. Lọ́jọ́ kejì, orin kan náà ni, àga kan náà ni, ohùn á kàn fẹ́lẹ́, kò ní ní ìdí, á wá máa gún mi létí. Mo pààrọ̀ wáyà sípíkà. Ó dùn fún ọjọ́ díẹ̀, ló bá tún padà síbi tó wà. Ní báyìí mo fẹ́ ta sípíkà náà. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí ohun tó ṣe sípíkà, pé inú mi ni kò dùn. Ṣé òótọ́ ni pé bí inú èèyàn ṣe rí lè yí bí orin ṣe ń dún padà, àbí ó kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ìdáhùn:

Ọ̀rẹ́ yín ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú jù. Ẹ má tíì ta sípíkà. Ohùn tó fẹ́lẹ́, tí kò ní ìdí, tó sì ń gún etí: mo mọ ẹjọ́ yìí dáadáa, torí ó ní ọ̀nà kan pàtó tó máa ń gbà wọlé. Inú yín ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba ọwọ́ yín kọjá kó tó dé etí, ibi ọwọ́ yẹn ni ọ̀rẹ́ yín fò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Sípíkà tí ara rẹ̀ pé, tí a bá wọn ohùn tó ń jáde lára rẹ̀ lónìí, tí a tún wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nínú yàrá kan náà, ìyàtọ̀ tí a máa rí ò tó nǹkan. Àwọn kan á ní ojú ọjọ́ ni. Lóòótọ́, nínú yàrá tó wà ní 20°C, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí yàrá bá sì fi 1°C gbóná sí i, nǹkan bíi 0.6 mítà ló ń wọlé kún un. Kò sí etí tó máa tìtorí ìyẹn bínú. Àwọn mìíràn á ní iná mànàmáná máa ń mọ́ lóru ju ọ̀sán lọ. Ohun tó máa ń mọ́ lóru ni yàrá fúnra rẹ̀: mọ́tò ti dín lójú títì, fáànù àti fíríìjì àwọn ará ilé ti sinmi, àwọn ohùn wẹ́wẹ́ tí ariwo ọ̀sán ń bò mọ́lẹ̀ wá jáde. Ìyẹn wà lóòótọ́, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò láìná kọ́bọ̀: ẹ pa fáànù, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbọ́ ohun tó kù.

Ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́, n ò gbèjà rẹ̀. Àmọ́ àbùkù ẹ̀rọ kì í wo ojú ẹni. Twíìtà (ẹnu kékeré inú sípíkà tó ń gbé ohùn tínínrín jáde) tó ti jóná kò ní jí padà torí pé ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Wáyà tó tú lẹ́yìn sípíkà kan, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló máa ń dákẹ́. Bí ohùn bá ń ya, ó máa ń ya ní ibi kan náà nínú orin kan náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí fólúùmù dé ibì kan náà. Bí ohùn bá ń yí padà bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná, ìyẹn náà ní àkókò tirẹ̀, ẹ lè fi aago ṣọ́ ọ. Tí tiyín bá jọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ wá onímọ̀-ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ṣe rí fún yín, ara ẹni tó jókòó sórí àga ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a.

Ní ọdún 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé etí kì í gbọ́ gbogbo ohùn bákan náà. Àwọn mìíràn ti tún ìwọ̀n náà ṣe látìgbà náà, ó ti di ìlànà àgbáyé tí à ń pè ní ISO 226, àmọ́ kókó rẹ̀ ò yẹ̀: bí ẹ bá ṣe ń dín fólúùmù orin kù sí i, báàsì, ìyẹn ohùn tó nípọn nísàlẹ̀ orin, ni etí máa ń kọ́kọ́ sọ nù. Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, dB sì ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó. Ẹ mú ohùn 1,000 Hz tó wà ní 40 dB. Nínú yàrá tó pa rọ́rọ́, ẹ óò gbọ́ ọ kedere. Ẹ wá mú ohùn 50 Hz tó wà ní 40 dB kan náà: etí tó dá ṣáṣá kò ní gbọ́ nǹkan kan, torí ohùn 50 Hz ní láti tó nǹkan bíi 44 dB kí etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ó wà. Agbègbè yẹn gan-an sì ni ìdí orin ń gbé. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì, 41 Hz ni.

Ẹ mú ìyẹn sọ́wọ́ kan. Sọ́wọ́ kejì, ẹ mú ìwádìí tí Erika Siegel àti Jeanine Stefanucci tẹ̀ jáde ní 2011. Wọ́n mú kí ọkàn àwọn kan dàrú, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, wọ́n wá fún gbogbo wọn ní ohùn kan náà gbọ́. Àwọn tí ọkàn wọn ti dàrú ní ohùn náà ròkè ju bí àwọn yòókù ṣe sọ lọ. Ara tó wà lójúfò sí ewu máa ń gbọ́ nǹkan ju bó ṣe rí lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá pa méjèèjì pọ̀. Ẹ ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnì kan ti bí yín nínú. Ẹ tan orin, ẹ yí fólúùmù dé ibi tí ẹ máa ń yí i dé. Ó dà bíi pé ó ń pariwo. Ẹ mú rìmóòtù, ẹ dín in kù. Báàsì kọ́kọ́ lọ, ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti lọ. Ohùn àárín àti tírébù, ìyẹn ohùn tínínrín, ló kù, kò sí ohun tó gbé wọn dúró mọ́. Ara yín tó ti le tẹ́lẹ̀ gbọ́ tírébù tó dá wà yẹn, ó ní ó ń gún òun. Ẹ tún dín in kù. Báàsì tún lọ sí i. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn tó ń jáde ti yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó wú yín lórí, ó ti fẹ́lẹ́, kò ní ìdí, ó ń gún etí, ẹ̀ ń wo sípíkà bíi pé òun ló dalẹ̀ yín. Ẹ ò sì purọ́, ohùn burúkú ni ẹ̀ ń gbọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ yín ló ṣe é.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀rẹ́ yín gé ọ̀rọ̀ kúrú. "Inú rẹ ni kò dùn" dà bí ẹni pé ohun gbogbo wà nínú èrò lásán, pé bí ẹ bá rẹ́rìn-ín díẹ̀ á tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú tí kò dùn ń yí bọ́tìnnì, ó sì ń yí ìjókòó. Ohun tó ń yí padà níbẹ̀ ṣeé wọ̀n.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí orin bá dùn mọ́ yín, kí ẹ lẹ bébà tínínrín kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì fólúùmù, kí ẹ sàmì síbi tó wà. Tí anpilifáyà yín bá ń kọ nọ́ńbà, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá ń gún yín létí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo ibi tó wà. Áàpù tó ń wọn ariwo lórí fóònù náà wúlò. Nọ́ńbà rẹ̀ lè má ṣe rẹ́gí, àmọ́ tí ẹ bá gbé fóònù kan náà síbì kan náà ní ọjọ́ méjèèjì, ìyàtọ̀ tó bá fi hàn ṣeé gbà. Mo lè tẹ́tẹ́ pé ẹ óò rí i pé ọjọ́ burúkú wà nísàlẹ̀ ọjọ́ rere.

Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ojútùú méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ yí i padà síbi àmì náà, kí ẹ fún etí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti gbà á. Tí ara ò bá gbà á, kò pọn dandan. Ti èkejì ni pé kí ẹ jẹ́ kó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì dá báàsì tó sọ nù padà. Ọ̀pọ̀ anpilifáyà àtijọ́ ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "loudness" sí, iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn kan tó fẹ́ràn ẹ̀rọ orin á máa yínmú sí i, wọ́n á ní ó ń ba orin jẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Tí tiyín ò bá ní in, ẹ fi bọ́tìnnì báàsì gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ sì rántí dá a padà lọ́jọ́ tí ẹ bá tún yí orin sókè.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó ńkọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ yá máa ń jókòó ṣánṣán, etí rẹ̀ á wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú twíìtà. Ẹni tó ti rẹ̀ máa ń rì sínú àga. Orí á wálẹ̀, á tún lọ sẹ́yìn, á fara ti ẹ̀yìn àga tó ga, aṣọ tàbí awọ rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí gan-an. Ohùn tó ń lu ẹ̀yìn àga tó ń padà sí etí ń dàpọ̀ mọ́ èyí tó ń ti iwájú bọ̀, ó sì ń ba ohùn àárín àti tírébù jẹ́. Báàsì náà ò gbẹ́yìn, torí nínú yàrá ó máa ń pọ̀ síbì kan, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbòmíràn. Kí orí sún sẹ́yìn díẹ̀ ti tó láti yí i padà. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ tí ara bá yá yín: ẹ fi orin tó ní báàsì tó ń lọ láìdúró sí i, ẹ jókòó ṣánṣán, kí ẹ wá máa rọra rì, kí ẹ máa rì títí ọrùn fi kan ẹ̀yìn àga. Ẹ óò gbọ́ ọ bó ṣe ń yí padà. Ẹ wá na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn etí bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ràn, kí ẹ tún gbé wọn kúrò. Ohun tí ẹ̀yìn àga ń ṣe nìyẹn ní kékeré. Tí ẹ bá mọ̀ pé rírì lẹ máa rì lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín, ẹ wá àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kọjá èjìká.

Etí fúnra rẹ̀ lè ti rẹ̀. Ẹni tó lo ọ̀sán nínú ariwo, bóyá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tàbí orin fóònù tó ń fi nǹkan kì bọ etí gbọ́, agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kó tó padà. Ìlànà tí NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ń lò ni pé 85 dB kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Tó bá fi 3 dB lé sí i, àkókò náà á di ìdajì. Nítorí náà 88 dB, wákàtí 4 péré. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni etí ń fẹ́, kì í ṣe sípíkà tuntun. Ọ̀fìnkìn náà máa ń di etí, ẹ mọ ìyẹn.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, ohùn tó dé etí ló kàn. Ó tún wà níbẹ̀ pé ohùn lè dé etí pérépéré, kó má sì dùn. Ní 2011, àwọn oníwádìí kan tí Valorie Salimpoor ṣáájú wọn fi hàn pé nígbà tí orin bá ń mú orí èèyàn wú, ọpọlọ ń tú dopamine, kẹ́míkà kan tó ní í ṣe pẹ̀lú ìgbádùn, jáde, àti pé ó ti ń tú u jáde kí ibi tó dùn jù nínú orin náà tó dé, nígbà tí olùgbọ́ ṣì ń retí rẹ̀. Ìretí yẹn jẹ́ apá kan adùn. Ní 2019, Laura Ferreri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún èèyàn 27 ní oògùn lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan ń ran dopamine lọ́wọ́, ọ̀kan ń dí i lọ́nà, ọ̀kan ò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ èyí tó ń ràn án lọ́wọ́, orin dùn mọ́ wọn sí i. Lọ́jọ́ èyí tó ń dí i, adùn rẹ̀ dín kù. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń lu orin náà.

Àárẹ̀ àti ìrònú kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ẹ óò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn kò lè máa retí ibi tó dùn nínú orin, torí kò tilẹ̀ bá orin náà rìn. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí James Macdonald àti Nilli Lavie fi rí i, ní 2011 bákan náà, pé ẹni tó gbájú mọ́ iṣẹ́ tó le lójú lè máà gbọ́ ohùn kan tó dún sí i létí rárá. Fóònù tó wà lọ́wọ́ nígbà tí orin ń lọ, irú iṣẹ́ ojú bẹ́ẹ̀ ni. Nínú gbogbo ohun tí mo lè ní kí ẹ pààrọ̀ nínú yàrá yẹn, fóònù ni máa kọ́kọ́ ní kí ẹ gbé síta.

Ìṣesí kan tún wà tí kì í ṣe inú bíbí, kì í sì í ṣe àárẹ̀, àmọ́ tó burú fún orin ju méjèèjì lọ: ìfura. Látìgbà tí ẹ ti gbà pé nǹkan ṣe sípíkà, ẹ ò gbọ́ orin mọ́, ẹ̀ ń ṣọ́ sípíkà ni. Ẹni tó bá ń wá àléébù á rí i, torí kò sí sípíkà tí kò ní. Ibí ni ọ̀rọ̀ wáyà yín ti wọlé. Ọjọ́ tí ẹ dé wáyà tuntun mọ́ ọn, ìfura lọ, ìrètí gba ipò rẹ̀, ẹ jókòó ṣánṣán, ẹ yí i sókè kí ẹ lè gbọ́ iṣẹ́ tó ṣe. Dájúdájú á dùn! Nígbà tó di ohun tí ẹ ti mọ̀ lójú, ọjọ́ burúkú kan dé, ohun gbogbo padà. Wáyà tó nípọn tó, tó dè dáadáa, iṣẹ́ tó lè ṣe fún yín ti tán síbẹ̀.

Ìrántí náà ò ràn yín lọ́wọ́. Bí ohùn ṣe dún gan-an, ní kúlẹ̀kúlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló fi ń wà lórí èèyàn. Ohun tó ń wà di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni bí ó ṣe rí lára yín. Nígbà tí ẹ bá ní "lọ́jọ́sí ó dún ju báyìí lọ", ìdùnnú ọjọ́sí lẹ̀ ń fi wé ohùn òní, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi wéra.

Ní ti alẹ́ tí inú ò bá dùn, n ò ní kí ẹ má tan orin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé orin ló ń tú wọn nínú, orin arò pàápàá máa ń ṣe é fún ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Ohun tí mo ní kí ẹ má ṣe ni pé kí ẹ fi orin tí ẹ fẹ́ràn jù lọ dán ara yín wò lálẹ́ bẹ́ẹ̀. Orin yẹn ní gbèsè ìdùnnú lọ́rùn; tí kò bá san án, inú á tún bàjẹ́ sí i. Ẹ fi èyí tí ẹ ò retí nǹkan kan lára rẹ̀ sí i, kó máa dún nísàlẹ̀, kí báàsì rẹ̀ pé, kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ. Nígbà mìíràn, láàárín wákàtí kan, ẹ óò rí i pé ẹ ti jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Tó bá jẹ́ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí orin ò dùn mọ́ yín lọ́jọ́ kankan, tí eré àti ẹgbẹ́ àti àwọn ohun mìíràn tí ẹ fẹ́ràn náà ò sì dùn mọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò lọ́dọ̀ èmi àti onísípíkà. Ẹ lọ rí dókítà. Lẹ́tà yín ò jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi, ẹ ṣì ń sọ nípa alẹ́ tí orí yín ń wú, àmọ́ ẹlòmíràn lè máa kà á.

Sípíkà tí ẹ fẹ́ tà wá kù. Tí ẹ bá ti ṣọ́ fólúùmù, tí ẹ ti tún ìjókòó ṣe, tí ọkàn ò sì balẹ̀, ẹ yá sípíkà mìíràn lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ má tíì rà á. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ fi ohun tó ń wọn ariwo mú kí ohùn méjèèjì dọ́gba níbi tí ẹ jókòó sí, torí èyí tó bá fi 1 dB ròkè péré lè dà bí èyí tó dára jù. Kí ẹ wá fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ta á níwájú, kí ẹlòmíràn máa yí i láti ọ̀kan sí èkejì láìsọ fún yín èwo ló ń dún. Aṣọ yẹn kì í ṣe àṣejù: Floyd Toole àti Sean Olive fi hàn ní 1994 pé èèyàn kì í fún sípíkà kan náà ní máàkì kan náà tó bá ń rí i àti tí kò bá rí i. Ẹ ṣe é lálẹ́ tí ara yá yín, kí ẹ tún un ṣe lálẹ́ tí inú ń bí yín. Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ yá lẹ yàn ní alẹ́ méjèèjì, ẹ ta tiyín. Tó bá jẹ́ alẹ́ tí inú ń bí yín nìkan lẹ yàn án, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.